Ikùn Bàálù

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ní Ìkòtún. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìnkùlé: bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà, Tíṣà ará Èkìtì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa, àti èmi. Òórùn ọ̀dà wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dà olómi ni, inú ìgò kéékèèké, kò rùn tó èyí tí wọ́n fi ń kun ilé.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, n kò tíì wọ ilé ìwé. Omi ni mo ń pọn fún bàbá mi níbi iṣẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ wọ kíláàsì kìíní nígbà náà, yóò gbé ọwọ́ gba orí kọjá, yóò fi kan etí kejì. Tèmi kọjá etí, ó dé èjìká. "Èyí ti tó fẹ́yàwó," ni Hẹdimásítà wí. Tíṣà bá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi ná. Hẹdimásítà wá fún mi ní bàálù ike kan, aláwọ̀ eérú, wọ́n ní kí n kùn ún bó ṣe yẹ.

Bàálù tó ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà máa ń gba orí ilé wa kọjá. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kun táyà rẹ̀ dúdú. Mo kun ilẹ̀kùn tí táyà ń gbà jáde. Mo fa ilà èéfín sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mo tilẹ̀ tẹ àmì epo kékeré kan sábẹ́ apá òsì.

Tíṣà yí i padà. "Múfú, òkè rẹ̀ dà?"

"Mi ò rí òkè rẹ̀ rí, sà."

"Baba Múfú, ẹ bá a sọ̀rọ̀ jàre. Ọ̀gá ń bọ̀. Kó ṣá fi funfun kùn ún."

Bàbá mi a máa sọ fún wa pé ohun tójú bá rí ni kẹ́nu sọ. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin ti rí i?"

Tíṣà gbé bàálù náà kalẹ̀.

Hẹdimásítà dé lẹ́yìn ìsìn, Bíbélì wọn wà lábíyá. Wọ́n wo òkè bàálù náà. "Iṣẹ́ ìdajì. Ọ̀lẹ ni." Mo sọ ohun tí mo sọ fún Tíṣà. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró títí bàálù kan fi ń bọ̀, wọ́n gbé tèmi sókè orí, wọ́n wo èyí, wọ́n wo ìyẹn. Nígbà tí ariwo lọ tán, wọ́n ní, "Àmì epo yìí, ṣé gbogbo wọn ló ní i?"

"Rárá, sà. Ti àárọ̀ Jímọ̀ nìkan ni."

Wọ́n dá bàálù padà fún mi. "Kó wá lọ́la. Kíláàsì kìíní o! Kó má retí kíláàsì kẹta torí ọjọ́ orí rẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí báyìí. Mo ti wọ bàálù lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún tí ìyàwó mi kú, àwọn èèyàn ń bi mí bó ṣe ń ṣe mí. Mo ní kò sí wàhálà. Mo sọ ọ́ títí wọn kò fi bi mí mọ́. Ọmọ ẹ̀yìnkùlé ọjọ́sí yẹn ì bá ní òun kò tíì mọ bó ṣe ń ṣe òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Hẹdimásítà wá sílé wa, mo jí ní aago márùn-ún, mo pọn omi tí bàbá mi máa lò, mo wẹ̀, mo lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Orúnkún mi kò gba abẹ́ tábìlì. Obìnrin tó ń kọ́ wa ní kí ẹni tó bá mọ A, B, D nawọ́ sókè. Gbogbo wọn nawọ́. Èmi kò nawọ́.