Bàálù Wa Gba Orí Ilé Wa Kọjá

Ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ìyá mi fojú mi rí nínú bàálù. Ẹ̀rín ṣì ń pa mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Àbúrò mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀ ní Àbújá, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti ń wojú Olúwa. Màmá wa, tó ń gbé ní Kábà, ní a ò gbọ́dọ̀ sọ ọmọ náà lórúkọ bí òun ò bá sí níbẹ̀. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Àmọ́ òjò ò ṣeré lásìkò náà, omi ti bo títì lápá Lọ́kọ́ja, mọ́tò ò kọjá. Ìsọmọlórúkọ sì ku ọ̀la.

Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, láti Àkúrẹ́ sí Àbújá. Màmá ò wọ bàálù rí, àmọ́ kò bínú sí i o. Ohun tó ń bí i nínú ni pé Àbújá wà lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ, èmi sì ń gbé e lọ sápá ibi tó ń wọ̀. A kọjá Ekinrin-Adde, a wọ Èkìtì, ẹjọ́ ò tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àbí mo fẹ́ lọ fi òun pamọ́ sí Àkúrẹ́ títí wọn á fi sọ ọmọ lórúkọ tán ni.

Mo ní, "Màmá, bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

Ó ní àgbò kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí bàálù gbéra, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń gbàdúrà. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ balẹ̀, ó gbójú mọ́ fèrèsé. Àfi bó ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó ní òun rí àwọn òkè wa, Kábà nìyẹn. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣebí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ni? Ọkùnrin kan tó jókòó sẹ́yìn wa ló dá sí i. Ó ní ọmọ Iffe, ìtòsí Kábà níbẹ̀, lòun, ìyá ò purọ́, ibẹ̀ ni bàálù yìí máa ń gbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ọ̀nà tí a fi odindi àárọ̀ rìn, bàálù ti rìn ín padà kí n tó mu omi inú ike mi tán!

Ni Màmá bá juwọ́ sí fèrèsé, ó fi ìkíni ilẹ̀ wa kí wọn, bí ẹni pàdé ará ilé lọ́nà oko. "Okun o! Gbogbo ilé, okun o!"

Ojú tì mí. Àmọ́ àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn níwájú lẹ́yìn, "Okun o, Màmá!" Ọ̀kan ní Mọ́pà lòun ti wá, èkejì ní Ponyan. Ẹ̀rín sọ. Màmá wá bi òṣìṣẹ́ inú bàálù pé tí òun bá ń padà bọ̀, ṣé wọn ò lè já òun sílẹ̀ ní Kábà, nígbà tó ṣáà jẹ́ pé ọ̀nà wọn ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá páílọ́ọ̀tì sọ ọ́.

Kò tó wákàtí kan tí a fi balẹ̀ sí Àbújá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ọmọ lé Màmá lọ́wọ́ kí ó pe orúkọ tirẹ̀. Ó wo àbúrò mi, ó ní, "Omi bo títì, Ọlọ́run la ọ̀nà mìíràn. Ìwọ náà tí o ti ń retí ọmọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, Ó la ọ̀nà fún ọ. Olúlànà lorúkọ tí mo sọ ọ́." Àbúrò mi bú sẹ́kún ayọ̀, èmi náà ò lè mú un mọ́ra.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí ọ̀nà iwájú bá dí, kí èèyàn má tijú láti kọ́kọ́ fẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ kọ́kọ́ mú wọ bàálù, kí ló sì ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Màmá ti ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ fún òun.