Mílíìkì Tó Ń Fọ Àyà

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ẹni tó ti fi ẹnu sọ ológbò di ẹkùn láti Agége dé Àgídìngbì, tó bá wá ní òun fẹ́ sọ òótọ́, ṣe ni àwọn èèyàn máa ń fa àga sún mọ́ ọn kí wọ́n lè rí ẹ̀rín rín dáadáa. Ẹ fa àga tiyín. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni.

Pátákó oníke kan là ń ṣe nílé iṣẹ́ wa ní Àgídìngbì, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ó sì le koko. Ara ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe. Ohun tó mú un le ni ìyẹ̀fun dúdú kan tí wọ́n ń pò mọ́ ike náà. Ìyẹ̀fun ọ̀hún kúnná débi pé èlùbọ́ tí wọ́n jọ̀ lájọ̀túnjọ̀, bí òkúta ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tá a bá ń gé pátákó náà, tá a sì ń fá etí rẹ̀ kó lè dán, eruku rẹ̀ kì í balẹ̀ bí eruku ọmọlúàbí. Á máa fò kiri ni. Àfi tí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé lẹ tó lè rí i, bí èéfín tí kò ní iná.

Wọ́n fún wa ní ìbòmú. Kì í ṣe aṣọ tá a ń so mọ́ àgbọ̀n nígbà kòrónà o, èyí tó nípọn ni, tó bo imú àtẹnu pinpin. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ tèmi. Mo kàwé, mo sì ti ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun náà. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe wò mí láti òkè délẹ̀ nìyẹn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tá a jọ ń gé pátákó.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹlẹ́hàá wa. Ṣé Alfa yọ̀ǹda pé kẹ́ ẹ jáde lónìí?"

Ẹ̀rín sọ ní gbogbo yàrá. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ń kọjá, ẹnì kan á yára kọjú sí ògiri: "Ẹ yà fún wọn o, a kì í wojú ẹlẹ́hàá!"

Kò sí ẹni tí mi ò fún lórúkọ níbẹ̀. Ọ̀gá wa tó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, èmi ni mo pè é ní Ó-ń-bọ̀-lódò, orúkọ ọ̀hún sì mọ́ ọn lára. Àmọ́ ẹyọ kan tí wọ́n fún èmi, mi ò lè gbé e. Mo bọ́ ìbòmú náà, mo fi kọ́ ìṣó.

Ẹni tó bá bọ́ ìbòmú nítorí ẹ̀sín kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí n ní àwíjàre. Tá a bá ń ṣíwọ́, wọ́n máa ń fún kálukú wa ní agolo mílíìkì. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé mílíìkì ń pa oró. Bó ṣe ń pa á ni kò yé ẹnikẹ́ni. Mo gorí àpótí, mo là á yé wọn.

"Ẹ gbọ́! Ìbòmú kàn ń dínà fún eruku ni, mílíìkì ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Ọ̀rá inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ eruku, á wọ́ ọ jáde nínú ẹ̀dọ̀fóró, á gba ìfun, ó di ṣáláńgá. Ẹ máa wo ìgbẹ́ yín láàárọ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà. Ṣebí ẹni tó kàwé ló sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀nà oúnjẹ lọ́tọ̀, ọ̀nà èémí lọ́tọ̀. Kò pẹ́ tí ìbòmú gbogbo wa fi rọ̀ sórí ìṣó bí àdán.

Ikọ́ gbígbẹ wá mú mi. Tí ìyàwó mi bá béèrè, mo máa ń ní ata ló pá mi lórí, kódà lọ́jọ́ tá a jẹ búrẹ́dì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń sọ ìtàn onílé wa àti ewúrẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará ibi iṣẹ́. Mo dé ibi ẹ̀rín gan-an, èémí ò tó mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, mo ká kò. Wọ́n rò pé ewúrẹ́ ni mò ń ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó mi ló fà mí lọ sílé ìwòsàn n'Íkẹjà. Wọ́n ya àwòrán àyà mi, wọ́n ní kí n fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kan. Èyí tó jáde lẹ́nu mi kò lè pa fìtílà. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, wojú mi.

"Bàbá, kí lẹ fi ń dáàbò bo ara yín níbi iṣẹ́?"

"Mílíìkì ni, dókítà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ó ní eruku náà kéré débi pé irun imú kì í rí i dá dúró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí èémí ti ń pàdé ẹ̀jẹ̀, ló ń lọ jókòó sí. Ara á máa bá a jà, ìjà náà á sì máa dá ọgbẹ́ síbẹ̀.

"Nǹkan tuntun ni, bàbá. Àwa gan-an ò tíì mọ ibi tó lè já sí. Àmọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ fa eruku yẹn símú mọ́. Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn náà ń mu mílíìkì."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí Agége, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀ fún ìyàwó mi. Bá a ṣe wọlé, ó yíjú sí mi.

"Torí wọ́n pè yín ní ẹlẹ́hàá? Ìyá tó bí mi, ẹlẹ́hàá ni. Wọ́n bojú títí wọ́n fi darúgbó, ẹ ò sì gbọ́ ikọ́ wọn rí." Ó gbé omi fún mi. "Lọ́la, ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré láyé yín."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnu géètì ni mo ti wọ ìbòmú mi. Mo ti ṣètò èsì kalẹ̀ de ẹlẹ́hàá. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi ò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó tọwọ́ bọ àpò rẹ̀, ó mú agolo kan jáde.

"Tìẹ ti àná rèé, mo bá ẹ gbà á pa mọ́. Mu ún kó fọ̀ ọ́. Ikọ́ yẹn ti ń pọ̀ jù." Ohùn tirẹ̀ náà há.

Mo fa ìbòmú sísàlẹ̀ kó lè gbọ́ mi yékéyéké. "Irọ́ ni mo pa nípa mílíìkì. Inú ikùn ló ń lọ. Kò fọ àyà ẹnikẹ́ni rí. Ẹ lọ mú ìbòmú yín lórí ìṣó."

Ó wojú mi. Ó tún un wò. Ló bá fọwọ́ gbá orúnkún, ẹ̀rín pa á.

"Ó ti dé! Ẹ máa bọ̀ o, ẹlẹ́hàá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn!"

Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n wá jókòó sórí pátákó, eruku dúdú lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú wọn bíi tìróò. "Ó yá," ni ọ̀rẹ́ mi wí, "mílíìkì ò fọ àyà. Ló wá ṣe báwo?"

Mo ní, "Ó tán."

Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín náà ni mo ti gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́, lẹ́yìn náà ẹlòmíì.