Orúkọ tí Wọ́n Pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Adégbàyí

Dọ̀tun la ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka kan tẹ̀lé èkejì, títí ẹ̀pà sísè tí ìyá àgbà fún un fi bọ́ sórí ẹní tán. Kò jẹ ẹyọ kan. Ojú ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń wò.

Morónikẹ́, ìyá àgbà náà, ṣa ẹ̀pà náà. Ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wòlíì ìjọ wọn nàka sí Morónikẹ́ lójú gbogbo ènìyàn: òun ni àjẹ́ tí kò jẹ́ kí ìyàwó ọmọ rẹ̀, ìyá Dọ̀tun, lóyún kejì.

Ó wọ sùtánà funfun rẹ̀. Láì wọ bàtà, bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìjọ wọn. Ó gba àgọ́ ọlọ́pàá ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀.

"Màmá, àjẹ́ náà ti ń fẹjọ́ sùn báyìí?" Ọlọ́pàá kan ń rẹ́rìn-ín.

"Bí mo bá lè fò, ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ lásán ni mo máa fi rìn wá láti Adégbàyí?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin láti pe ènìyàn ní àjẹ́. Morónikẹ́ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Wòlíì pàápàá kò mọ̀.

Ọlọ́pàá gbé wòlíì lọ sí kóòtù. Kóòtù dá a lẹ́bi, wòlíì sì san ìtanràn. Àwọn kan nínú ìjọ ní ìjọba ń bá Ọlọ́run jà. Àwọn mìíràn dákẹ́. Àwọn náà ní ìyá nílé.

Láti ìgbà náà, wòlíì kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. "Ẹnì kan nínú ilé" ló ń wí. Dọ̀tun ń jẹ ẹ̀pà ìyá àgbà, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀.