Káàdì Múínátù

Lọ́sàn-án àná, atẹ́gùn tú ìwé ẹjọ́ ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ lọ́yà, ká nínú pálọ̀ mi ní Kétu. Ìró wọn bí wọ́n ti ń já bọ́, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, gbé mi lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ilé-iṣẹ́ méjì ló ń jà nílé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn: ta ló kọ́kọ́ hùmọ̀ ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣa ohun tí a béèrè jáde láàárín àìmọye àkọsílẹ̀?

“Mummy, ẹjọ́ yìí ò lè yé yín.”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má máa yára sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà.

Nígbà tí ìrì ọ̀nà Ìkòsí ṣì ń rẹ ìbọ̀sẹ̀ wa, Múínátù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ télọ̀, kọ orúkọ ọmọ kíláàsì wa kọ̀ọ̀kan sórí káàdì. Ó lu ihò mẹ́ta sétí rẹ̀: fún Kétu, Ìkòsí àti Mile 12. Bí o bá ń gbé Ìkòsí, á fi àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ la ihò Ìkòsí já dé etí káàdì rẹ. Tí tíṣà bá béèrè àwọn ará Ìkòsí, á ti ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ ihò náà lára gbogbo káàdì, á gbọ̀n ọ́n. Tiwọn nìkan ló máa já bọ́.

Èmi ni mo fi káàdì kan han Délé, mọ́nítọ̀ wa, torí ó ní òun á jẹ́ kí n lu agogo. Délé ṣe tirẹ̀, ó ní òun ló kọ́kọ́ hùmọ̀ rẹ̀, tíṣà sì dá a láre.

Nílé ìwé wa, ẹni tí ìdájọ́ tíṣà kò bá tẹ́ lọ́rùn á lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá àgbà kí agogo òwúrọ̀ tó lù. Múínátù kúnlẹ̀. Èmi ni mo lu agogo ọjọ́ náà.

Ọ̀gá àgbà gbé káàdì àwọn méjèèjì yẹ̀ wò. “Kí lẹ gé igun kan lára káàdì kọ̀ọ̀kan fún?”

“Kó lè rẹwà ni, Mà,” Délé dáhùn.

“Kó rẹwà kẹ̀!” ni Múínátù wí. “Tí káàdì kan bá dojú dé, Mà, igun rẹ̀ á yàtọ̀ sí tàwọn yòókù. Ẹ ó tètè rí i.”

“Ọ̀gbẹ́ni Adàwékọ,” ọ̀gá àgbà pe Délé, “jókòó.” Ó bi Múínátù orúkọ tí òun yóò kọ sára àpótí káàdì náà.

“Tèmi àti tiẹ̀, Mà.” Èmi ló nawọ́ sí. “Òun ló bá mi di káàdì mú tí mo fi lu ihò.”

Kí táàmù tó parí, àwọn òbí Múínátù ti kó padà sí Ìsẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ mi bá mi wá Múínátù lórí fóònù. Kí n tó ṣẹ́jú, Múínátù rẹpẹtẹ ti jáde. Àwárí ti yá ju ti ìgbà èwe wa lọ. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀ tí n kò bẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi.