Kóòtù Ìtàn Nílé Búrẹ́dì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè fi ọwọ́ lásán wọn ìyẹ̀fun kó má lé, kó má dín. Ó lè fi ìka kan tẹ búrẹ́dì kó sọ fún ọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí kò lè ṣe, títí di ọdún tó kọjá, ni kó kọ́ ọmọ méjì ní ẹ̀kọ́ ìtàn kí ọ̀kan nínú wọn má sùn. Bí mo bá wà níwájú rẹ̀, “ẹ̀yin” ni mo máa ń pè é, torí ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ. Níbí, “ó” ni màá lò, nítorí iṣẹ́ búrẹ́dì kì í jẹ́ kó ráyè ka ohun tí mo bá kọ.

Ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Onígbàjámọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi sì dojú kọ ilé búrẹ́dì wọn. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, mo máa ń kọjá sí òdìkejì láti jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọ̀fẹ́ ló ń gbé mi wá. Èmi ní ẹbí ni mo wá kí.

Ẹ lè fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ọmọ fi ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé. Àkọ́bí, obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, máa ń kólòlò. Nílé ìwé, bó bá ti nàwọ́ láti dáhùn ìbéèrè, gbogbo kíláàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò tẹ̀ lé e bí ẹni ń gberin. Olùkọ́ ní kó máa jókòó títí ọ̀rọ̀ á fi yọ. Ọmọ náà jókòó. Odidi sáà kan ló fi jókòó láìsọ̀rọ̀, nígbà tó sì di pé kì í sọ̀rọ̀ nílé pàápàá mọ́, ẹ̀gbọ́n mi lọ kó ìwé rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún méje, ní òun náà ò lọ mọ́. Ìyẹn ò kólòlò rárá. Rédíò là ń pè é, torí kò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á.

Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní alábẹ̀wò á máa wá yẹ àwọn ọmọ wò ní ìparí sáà. Alábẹ̀wò náà dé, bàbá kan tó wọ awò ojú, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ìṣirò dára. Ìwé kíkà dára. Nígbà tó kan ìtàn, ó bi Rédíò pé ta ló jagun létí odò. Rédíò ní òun ò sí níbẹ̀. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òun á padà wá, bí wọn ò bá sì mọ ìtàn nígbà yẹn, kí àwọn méjèèjì padà sílé ìwé.

Ọmọbìnrin yẹn gbọ́. Kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ náà ò sì jẹun.

Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ra ìwé ìtàn kan tó nípọn ju búlọ́ọ̀kù lọ. Tó bá ti kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde tán, á nu tábìlì tó fi ń po ìyẹ̀fun, á gbé ìwé lé e, á máa kà: ọba kìíní jọba ọdún méjìlá, ọba kejì jọba ọdún mẹ́jọ, ọba kẹta jẹ, ó kú. Rédíò á sùn lọ lórí àpò ìyẹ̀fun, nígbà tó bá jí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á ti funfun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa wo ojú fèrèsé. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi fi igi ìtẹ̀yẹ̀fun lé mi jáde, búrẹ́dì mi ò tíì tán.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni. Búrẹ́dì ló jóná. Òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, búrẹ́dì méjìdínláàádọ́ta di èédú nínú ààrò. Ẹ̀gbọ́n mi káwọ́ lérí. Ó ní Rédíò ló yẹ kó ké sí òun nígbà tí aago dún. Rédíò ní òun ké, òun ké títí ọ̀fun fi ń dun òun. Èmi ní mo ti gbóòórùn ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ilé ẹlòmíì ni. Gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ti ẹnì kejì.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà lanu, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì.

“N-níbo lẹ wà, Màmá?”

“Níbo ni mo tún fẹ́ wà? Ìdí ààrò ni mo wà.”

“Ẹ ò k-kúrò níbẹ̀?”

“Mi ò kúrò.”

Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó fa èmi àti àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó kó wa dé ìdí géètì ẹ̀yìn ilé. Géètì dúdú ni. Àmì ìka mẹ́wàá ló wà lára ẹ̀, funfun báláú, níbi tí ẹnì kan ti fi ọwọ́ oníyẹ̀fun gbára lé e, ẹni náà sì pẹ́ níbẹ̀, torí àmì ìgbúnwọ́ méjèèjì wà lókè. Aránṣọ tó wà lódìkejì géètì náà yọjú, ó ní, “Màmá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni o. Mo ṣáà ń sọ fún un pé ṣé kò gbé nǹkan kaná.”

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé wa dé ibẹ̀. Ó wo géètì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo rò pé á bínú, ẹ̀rín ló bú sí.

“Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. G-gbogbo yín ń sọ tiyín. Mo wá ohun tí ò lè p-parọ́ lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo ti ń ka ìwé ńlá yẹn fún yín látọjọ́ yìí, ohun tó yẹ ká máa ṣe gan-an nìyí.”

Láti ọjọ́ kejì ni ilé búrẹ́dì ti di kóòtù. Wọ́n fi ẹfun kọ ìbéèrè mẹ́ta sára ògiri: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Níbo ló wà nígbà tó ṣẹlẹ̀? Kí ni ohun tó wà nílẹ̀ wí? Ẹ̀gbọ́n mi fi kún un pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà wọn ò gbọdọ̀ gba ìwé kan ṣoṣo gbọ́. Ọmọbìnrin náà, tí gbogbo wa ti ń pè ní Lọ́yà báyìí, fi òfin tirẹ̀ kún un: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá ẹlẹ́rìí parí ọ̀rọ̀, torí ó lè má jẹ́ ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn.

Ọba tó jagun létí odò ni wọ́n kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Ìwé ní ó ṣẹ́gun ẹgbẹ̀rún ọ̀tá lọ́jọ́ kan. Rédíò ló ṣe ọba, ó wọ àpò ìyẹ̀fun, ó fi páànù búrẹ́dì dé orí.

“T-ta ló ka àwọn ọ̀tá yẹn?” Lọ́yà bi í.

“Èmi fúnra mi.”

“Ojú ewé kejì ní ọfà bà yín lójú lọ́jọ́ yẹn. Ojú kan lẹ fi ka ẹgbẹ̀rún?”

Ọba ronú. Ó ní àwọn ọmọ ogun òun ló bá òun kà á. Àwọn ọmọ ogun náà, èmi ni. Lọ́yà bi mí pé ta ló dáná fún wa, kí la jẹ, báwo la ṣe kọjá odò nígbà òjò. Mi ò mọ ọ̀kankan. Wọ́n dá mi lẹ́bi pé mò ń fi àkókò kóòtù ṣòfò, wọ́n ní kí n gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọ méjèèjì fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí ilé ìkàwé láti wá ìwé mìíràn tó sọ̀rọ̀ ogun náà, kò sẹ́ni tó rán wọn.

Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń kólòlò, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́. Aránṣọ rí i lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ tù ú nínú, ó ní, “Má ṣèyọnu, bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.” Lọ́yà ní, “Mo ti p-pè wọ́n, mà. Lórí fóònù. Wọ́n ń wa ọkọ̀ ẹrù lọ́wọ́.” Òótọ́ ni, awakọ̀ ẹrù ni bàbá wọn, ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń wà nílé.

Ẹni tó bá kọ́ ọmọ ní ọ̀bẹ pípọ́n kó má gbàgbé pé ọwọ́ tirẹ̀ náà wà nítòsí. Lọ́jọ́ kan tí inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ipò kìíní lòun ń gbà nínú ìtàn. Rédíò gbé ojú sókè.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi.”

“Ẹ ní ẹlẹ́rìí?”

Wọ́n pè mí. Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, mo wo búrẹ́dì ọwọ́ mi. Mo ní mo kéré nígbà yẹn, mi ò rántí. Lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ẹlẹ́rìí ń jẹun lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́.

Wọ́n kọjá lọ sọ́dọ̀ ìyá wa àgbà ní òpópónà kejì, ẹni tí kì í da bébà kankan nù. Nínú àpótí páànù rẹ̀ ni wọ́n ti rí ìwé èsì ìdánwò ẹ̀gbọ́n mi. Ìtàn: mẹ́tàlélógún nínú ọgọ́rùn-ún. Ipò: kejìdínlógójì nínú ogójì ọmọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti lọ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

“Mẹ́tàlélógún,” ló sọ fún mi nígbà tí àwọn ọmọ jáde. “Kí ni ẹni tó gba mẹ́tàlélógún ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Eré ni mo ń bá wọn ṣe. Tí wọ́n bá dá ọmọ yìí padà sáàárín àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín, èmi ni mo fà á.”

“Ọmọ yín ni, kì í ṣe ọmọ ọlọ́mọ,” ni mo wí. Ó nu ògiri, ó tú kóòtù ká, ó tún gbé ìwé tó nípọn lé tábìlì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí alábẹ̀wò dé. Ọba kìíní jọba ọdún méjìlá. Lọ́yà padà sójú fèrèsé. Inú bí mi débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lọ jẹ búrẹ́dì, ẹni tó bá sì mọ̀ mí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò dé, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, mo lọ dúró lẹ́bàá ààrò. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó ṣí ìwé. Rédíò ka àwọn ọba, ó fo mẹ́ta. Alábẹ̀wò yíjú sí Lọ́yà, ó ní mélòó ni ọ̀tá tí ọba ṣẹ́gun létí odò.

“K-kò sẹ́ni tó mọ̀, sà.”

“Ó wà nínú ìwé.”

“T-ta ló sọ fún ìwé?”

Ẹ̀gbọ́n mi di ojú. Alábẹ̀wò bọ́ awò ojú rẹ̀. Lọ́yà ṣàlàyé díẹ̀díẹ̀ pé ìwé mẹ́ta làwọn kà: ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan ní ọ̀ọ́dúnrún, ẹ̀kẹta ní wọn ò jà rárá, òjò ló lé oníkálukú sílé. Ó ní ẹni tó kọ ẹgbẹ̀rún, ìránṣẹ́ ọba ni, ilé ọba ló sì ti ń jẹun.

“Ta ló kọ́ yín báyìí?” ni alábẹ̀wò bi wọ́n.

Kí ẹnikẹ́ni tó mí, Rédíò ti dáhùn. “Màmá wa ni, sà. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n gbà nínú ìtàn nígbà tí wọ́n wà níléèwé. Ìwé èsì wọn wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà.”

Ó ṣe mí bíi pé kí n ti orí ọmọ yẹn bọ inú ìyẹ̀fun. Alábẹ̀wò wo ẹ̀gbọ́n mi, ó mú bírò. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi débi pé kò lè gbé orí. Lọ́yà wá dìde dúró.

“Ì-ì-ì…” Ọ̀rọ̀ há. Ọrùn rẹ̀ le, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Ìyá yín ńkọ́?” ni alábẹ̀wò wí, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni Rédíò wí. “A kì í bá ẹlẹ́rìí parí ọ̀rọ̀.” Lẹ́yìn náà, ọmọ tí kò dákẹ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i dákẹ́.

Alábẹ̀wò fi bírò sílẹ̀. Gbogbo wa dúró. Ó pẹ́ díẹ̀.

“Ìwé èsì yẹn, ohun tí wọ́n fún Màmá l-lọ́dún yẹn ló sọ. Kò sí níbí nígbà tí wọ́n ń k-kọ́ wa. Àwa la wà níbí.”

Alábẹ̀wò kọ ìwé fún ìgbà pípẹ́. Ó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé fún odidi ọdún kan sí i, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa ṣe é bó ṣe ń ṣe é. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bi Lọ́yà pé nínú ìwé mẹ́ta yẹn, èwo ló rò pé ó sún mọ́ òótọ́. Lọ́yà ní òun ṣì ń wádìí.

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi di ọmọ náà mú léjìká. “Ṣé ẹ̀rù ò bà ẹ́ ni? Níwájú àlejò?”

“Ẹ̀rù b-bà mí,” ni Lọ́yà wí. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, Màmá. Kì í ṣe èmi.”

Láti ọjọ́ tó ti mú un kúrò nílé ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń rò pé òun lòun ń gba ọmọ yìí sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó fà á mọ́ra, ó sì sunkún lójú gbogbo wa. Ó ní inú òun dùn ni.