Ọkùnrin tí Síkírù Yà ní Akáọ̀nà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń fi ènìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó lọ wo Síkírù Adélọ́lá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Òkè-Sopẹn. Ọkùnrin tó ti ya ojú olóṣèlú bí ọgọ́rùn-ún, tó kọ orúkọ sára ṣọ́ọ̀bù, mọ́sáláṣí àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó, òun ló wá ń jókòó sórí bẹ́ńṣì láti òwúrọ̀, tó ń wo àwọn tó ń gbé ìpolówó tí ẹ̀rọ tẹ̀ kọjá lọ. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dé Àgọ́-Ìwòyè, iṣẹ́ ogójì ọdún bá di ìtàn. Gbogbo ojú tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ jáde ló ń dán bí ẹni tó fi òróró para, Síkírù kì í sì í yé pẹ̀gàn wọn. Ẹ̀gàn náà kò fi gààrí sí i lábọ́ ṣá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni olùkọ́ yunifásítì kan wá bá a láti Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀rẹ́dọlá Adéníran lorúkọ ọmọbìnrin náà, ìtàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó jókòó, ó sì fa ìwé kan tí wọ́n ká yọ nínú ọ̀rá. Nígbà tó tẹ́ ẹ sílẹ̀, Síkírù dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àwòrán ilẹ̀ agbègbè ìdìbò wọn ni, láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé etí odò, ṣùgbọ́n ẹní ńlá ni ayàwòrán fi ilẹ̀ náà ṣe. Ọ̀nà Ibiadé gùn gbọọrọ lórí ẹní ọ̀hún. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ká ọ̀nà náà wá láti ìsàlẹ̀, ó ti ká ìdajì rẹ̀ há abíyá. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn apẹja dúró nínú omi dé orókùn, wọ́n nawọ́ sí i bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lábẹ́ rẹ̀: AKÁỌ̀NÀ. Kò sí orúkọ ọkùnrin náà níbẹ̀, àwòrán náà kò sì nílò rẹ̀. Ìpéǹpéjú òsì tó rọ̀ díẹ̀, eyín iwájú tó là, fìlà tí wọ́n tì sẹ́yìn títí iwájú orí fi hàn, ta ni kò mọ̀ pé Bàdírù tó du ipò aṣòfin nígbà kan ni?

“Bàbá, mo ti kó àwòrán òṣèlú àtijọ́ tó pọ̀ jọ,” ni Ọ̀rẹ́dọlá wí, “kò sí èyí tó tó èyí. Mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ní yunifásítì lóṣù tó ń bọ̀ kí ayé wá wò ó. Yóò sì wà nínú ìwé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yà á?”

Ibi tó yẹ kí Síkírù ti sọ pé òun kò mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn ín mọ. Orí rẹ̀ wú, ó gbàgbé ara rẹ̀.

“Uṣẹ́ ọwọ́ mi ni,” ló sọ.

Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàràwàrà. Ó ní báyìí ni àwọn ará etí odò ṣe fi àwòrán tú àṣírí ẹni tó jẹ owó ọ̀nà wọn. Ó ní òun yóò kọ orúkọ Bàdírù sí abẹ́ rẹ̀ gbangba, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ olè náà. Ó ní òun gbọ́ pé ọmọ Bàdírù kan ń ránṣọ ní Awà, òun yóò lọ bá a sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. “Òótọ́ ni ohun tí àwòrán yìí sọ, àbí, Bàbá?”

Síkírù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Orí tó mì yẹn, irọ́ ni.

Nítorí òun gan-an mọ ibi tí ọ̀nà Ibiadé wọlẹ̀ sí. Ilé kéwú kan náà ni òun àti Bàdírù lọ, ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó lé, wàláà wọn ń kan ara wọn. Bàdírù di tíṣà. Láyé àwọn sójà, wọ́n fi í ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà náà, ó sì ń kọ lẹ́tà lọ síwá sẹ́yìn pé òun kò rí òkúta tí wọ́n ní àwọn rà. Síkírù rí òkúta náà ní tirẹ̀. Òun ló ń kọ nǹkan sára ilẹ̀kùn àwọn tipà tó ń kó o, ojú rẹ̀ kòrókòró ni wọ́n ṣe dà á sí ilé epo tí bọ̀rọ̀kìnní olóṣèlú kan ń kọ́. Nígbà tí àwọn sójà fẹ́ lọ, tí Bàdírù jáde fún ilé aṣòfin, bọ̀rọ̀kìnní yìí kan náà ló ránṣẹ́ pe Síkírù. Ó ní kó bá òun ya nǹkan tí ẹni tí kò mọ̀wé kà yóò rí tí yóò fi bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ má jẹ́ kí á parọ́ fún ara wa. Ebi ń pa Síkírù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ebi nìkan. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn. Balùwẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹní kíká wá sí i lọ́kàn, ó dá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ títí ọṣẹ fi wọ̀ ọ́ lójú. Ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí pé àwòrán náà dára. Èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà lójú tèmi.

Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri láti Òkè-Sopẹn dé Ibiadé. Lọ́jọ́ kejì Bàdírù ya ọ̀kan kúrò lára ògiri, ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù Síkírù, ẹ̀kọ ṣì ń kán tótó lẹ́yìn rẹ̀.

“Síkírù, ùwọ náà wò ó. Ta ló mọ ojú mi tó báyìí?”

“Àwọn ará Èkó ni,” ni Síkírù dáhùn. “Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é.”

Bàdírù wo ìwé náà pẹ́. “Ará Èkó kọ́,” ló wí. “Ẹni tó ya èyí ti wò mí fún ìgbà pípẹ́.” Ó ká a, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ó fìdí rẹmi nínú ìbò náà. Ìyẹn kéré. Nígbà tó lọ kí àwọn èèyàn ní Ibiadé, òkò ni wọ́n fi lé e padà. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọ́ sọ ọ́ dorin, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó wọ oko lọ. Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ Abibat ọmọ rẹ̀, ará etí odò ni. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn kò lè gbé ọmọ Akáọ̀nà wọlé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìbò, ẹ̀jẹ̀ ríru pa Bàdírù.

Gbogbo èyí ni Síkírù ń rò tí oorun kò fi kùn ún mọ́. Ó mọ̀ pé bí ìwé náà bá jáde, Bàdírù ti di olè títí ayé nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sí Awà, kó lè bá Abibat sọ̀rọ̀ kí olùkọ́ náà tó dé.

Abibat dìde nídìí maṣíìnì, ó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un. “Bàbá mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?” Kí Síkírù tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti ń sọ fún un pé olùkọ́ kan láti Àgọ́-Ìwòyè ti pe òun lórí fóònù nítorí àwòrán bàbá òun.

“Kí lo wá sọ fún un?”

“Mo ní kó máa kọ ọ́. Mi ò lè purọ́ torí pé bàbá mi ni. Ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n ṣe é.”

“Ta ló sọ fún ọ pé wọ́n ṣe é?”

Ó ya Abibat lẹ́nu. “Ẹ̀yin kẹ̀, Bàbá!”

Ó wá rán an létí. Lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ òkú Bàdírù kalẹ̀ kí wọ́n tó kírun sí i lára, àlùfáà bèèrè bí wọ́n ti í bèèrè, pé ẹnikẹ́ni tí òkú yìí bá ṣẹ̀, kó foríjì í nítorí Ọlọ́run. Ẹnu ọ̀nà ni òun Abibat dúró sí. Gbogbo àgbàlá pa lọ́lọ́, ojú ń ti òun. Síkírù nìkan ló ké sókè pé ohun yòówù tí Bàdírù ṣe fún ulú yìí, òun ti foríjì í. Nígbà náà ni àwọn yòókù tó ń dá a lóhùn pé àwọn náà ti foríjì í.

“Títí di ọjọ́ yẹn, mo ń bá ayé jà pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọ̀rẹ́ wọn. Mo ní bí kì í bá ṣe òótọ́, kí lẹ fẹ́ foríjì? Láti ogún ọdún, gbogbo Ramadan ni mò ń se ìrẹsì lọ ṣe sààrà ní Ibiadé, kí Ọlọ́run lè fojú fo ẹ̀ṣẹ̀ wọn.”

Ìpayà mú Síkírù. Ó ti rò pé oore lòun ṣe lọ́jọ́ náà. Ìdákẹ́jẹ́ àgbàlá yẹn ló sú u, ó kàn fẹ́ kí nǹkan tètè parí. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ láìgbójú sókè: tipà, òkúta, ilé epo, bọ̀rọ̀kìnní, balùwẹ̀ tó ti rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mo yà á, Abibat. Bàbá rẹ kò mú kọ́bọ̀.”

 Abibat wá nọ́ńbà Ọ̀rẹ́dọlá lórí fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí iwájú Síkírù kí ohùn lè jáde síta. “Ẹ tún un sọ.”

Síkírù tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.  Nígbà tí olùkọ́ náà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun yóò gbé àwòrán náà kọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni òun yóò pè é, orúkọ Síkírù nìkan ni yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó bèèrè bóyá bàbá yóò fọwọ́ sí i. Síkírù ní òun yóò fọwọ́ sí i.

Fóònù kú. Síkírù rọra kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó tó bí lọ́mọ. “Foríjì mí.”

Abibat gbá a ní apá mú, ó gbé e dìde, ó sì gbọn eruku kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀.

“Ẹ máa lọ sílé, Bàbá. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, mà á wá síbi ìsìnkú yín. Àlùfáà á bèèrè, bí wọ́n ṣe máa ń bèèrè. Bóyá mà á dáhùn, bóyá mi ò ní dáhùn. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbọ́ ọ.”