Ọrun tí Dáníẹ́lì Tú

Gbogbo ìgbà tí Màmá Mary Ìbítóyè fi jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Kabba, àwọn ọ̀gá a máa jágbe mọ́ ọn, òun a sì máa tẹ ìwé rẹ̀ lọ. Kì í fèsì. Nígbà tó fẹ̀yìntì, tí orúnkún kò jẹ́ kó lè lọ sí oko rẹ̀ lọ́nà Òkè-Bùkún mọ́, ó di ẹni tó ń jókòó sílé wo ojú títì. Praise, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ló fi ẹ̀rọ géèmù sílẹ̀ fún un nígbà tó ń lọ sílùú òyìnbó.

Màmá kọ́kọ́ rò pé ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ ọwọ́ tó ti mọ̀wé tẹ̀ kì í pẹ́ mọ bọ́tìnnì. Kò pẹ́ tó fi di ọdẹ inú géèmù, tó ń rìn nínú igbó tí iwin àti ọlọ́ṣà kún, tòun tọrun lọ́wọ́.

Idán wà nínú àwọn ọrun náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, ó sì dán wọn wò. Ọrun oníná dára lójú, ṣùgbọ́n bó bá ta á, igbó a gbaná, gbogbo ọlọ́ṣà tó ń sùn a dìde. Oníyìnyín a máa mú ọ̀tá gan pa, àmọ́ fífà rẹ̀ lọ́ra; kéèyàn tó fà á tán, ìkookò ti bò ó mọ́lẹ̀. Ti olóró ń pani lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bà máa ń ráyè sáré lọ pe àwọn ará rẹ̀ wá kó tó kú. Èyí tí Màmá yàn kéré lágbára sí gbogbo wọn. Inú ihò àpáta kan ló ti rí i. Ọfà rẹ̀ kì í dún rárá. Bó bá pa ẹnì kan, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ onítọ̀hún kò ní mọ̀. Ó sọ ọ́ ní Adákẹ́.

Ayọ̀kẹ́mi, olùkọ́ kan láti Ifẹ̀-Olúkòtún tó gba yàrá nínú ilé rẹ̀, a máa wá jókòó tì í wò ó.

"Màmá, nínú gbogbo ọrun wọ̀nyí, èwo gan-an ló dára jù?"

"Báwo ni ìwọ ṣe ń rìn? Bí o bá jẹ́ ẹni tó ń ya wọlé bí ìjì, mú oníná. Èmi ń yọ́ rìn ni. Orúnkún yìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sáré nínú géèmù."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ni Màmá fi ń wá òwú aláǹtakùn àti egungun ẹyẹ tí alágbẹ̀dẹ inú géèmù fi ń tún Adákẹ́ ṣe.

Ìgbà tó di Àjíǹde, Dáníẹ́lì, àkọ́bí rẹ̀, dé láti Àbújá. Dáníẹ́lì kì í rí nǹkan níbi tí wọ́n gbé e sí kó má tún un gbé. Lọ́jọ́ Sátidé, Màmá lọ bá wọn tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Nígbà tó padà dé, ọmọ náà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Okun o, Màmá. Ẹ kú àbọ̀. Ẹ wá wo ohun tí mo ṣe fún yín. Ọrun tẹ́ ẹ ń lò yẹn kò lágbára. Mo ní kí alágbẹ̀dẹ tú u, mo sì fi kún oníná. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀! Kò sí èyí tó jù ú lọ mọ́."

Gèlè ṣì wà lórí Màmá. "O tú kí ni?"

"Ọrun yẹn."

"Dá a padà."

"Kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹ̀rọ ti fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá gba ohun ìdarí lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ inú igbó. Ọfà kan péré, iná sọ, àwọn ọlọ́ṣà dìde gìrì, wọ́n pa á. Ó rọra gbé ohun ìdarí sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló figbe ta, débi pé Ayọ̀kẹ́mi tó ń lọ ata ní ẹ̀yìnkùlé sáré wọlé, ó rò pé olè ló dé.

"Ta ló rán ọ?"

"Màmá, géèmù lásán ni o."

"Ewúrẹ́ mi ńkọ́, òun náà lásán? Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Mopa, kí n tó dé, o ti tà wọ́n tán, o ní wọ́n ń dọ̀tí. O gé igi ọsàn tí bàbá yín gbìn, o da símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìnkùlé mi bí ilé epo. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo fi tọ́ yín, o gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Gbogbo ìgbà lo ń tún un ṣe! Ta ló sọ fún ọ pé ayé mi bàjẹ́?"

"Ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Gbogbo ìjọ ń sọ pé ọmọ mi ń tọ́jú mi, kí n máa dúpẹ́. Mo dúpẹ́ títí ẹnu fi kan mí. O wá rò pé mo ti kú!"

Ẹ̀rù ba Dáníẹ́lì. Ó pe Ọlábímtán, ẹ̀gbọ́n Màmá, lórí fóònù. Bàbá náà dé lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Nígbà tó gbọ́ pé ọrun inú tẹlifíṣọ̀n ni, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rín in, ẹ̀gbọ́n," ni Màmá wí. "Bó bá wá sílé yín, tó tú ìbọn ọdẹ yín, tó fi rọ ọ̀pá ìtìlẹ̀, tó ní ọ̀pá ló yẹ àgbà, ẹ óò rín in?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu bàbá náà. Ó yíjú sí Dáníẹ́lì. "O sọ fún un kí o tó ṣe é?"

"Mo rò pé inú wọn máa dùn ni, sà."

"Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn."

Dáníẹ́lì dọ̀bálẹ̀. Màmá ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n inú òun kò tíì rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ipá rọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé tí ọmọ náà ń padà lọ, kò di iṣu fún un, kò bu gaàrí fún un. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ṣófo wá náà ló ṣófo lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màmá ti pe bíríkìlà wá fọ́ símẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aládùúgbò bi í bóyá páìpù omi ló bẹ́.

"Rárá. Ilẹ̀ mi ni mo ń wá."

Kò fọwọ́ kan ọrun oníná náà mọ́. Ó pa géèmù yẹn rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọrun onígi tí kò lè pa ehoro. Àánú rẹ̀ ṣe Ayọ̀kẹ́mi.

"Màmá, ẹ ò ṣe kọ́kọ́ máa lo oníná yẹn ná?"

"Kí n máa fi ohun tí wọ́n ba tèmi jẹ́ ṣe ṣọdẹ? Kò ní ṣẹlẹ̀."

Ọjọ́ Ìsinmi ni Dáníẹ́lì máa ń pè. Níbẹ̀rẹ̀, Màmá a kí i, a sì gbé fóònù fún Ayọ̀kẹ́mi. Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ọmọ náà gbìyànjú.

"Màmá, ibo lẹ dé nínú géèmù yẹn? Praise ní ọ̀nà kan wà téèyàn lè gbà tètè..."

"Dáníẹ́lì."

"Mà."

"Ṣé mo ní kí o wá ọ̀nà fún mi?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Àwọn ọmọ ńkọ́?"